Igi Kẹsàn-án Lórí Ẹ̀yìn Ẹfọ̀n

Ìbídùn ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò dúdú títí dé ìgúnpá, ó ń fi èékánná ta àwọn àwo dígí tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ fojú rí wọn, ìmọ́lẹ̀ á bà wọ́n jẹ́. Ohùn ló fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Dígí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ a máa kú. Ó ta méjèèjìlá, méjèèjìlá sì dún kedere. Ó yọ ọwọ́, ó fa okùn àpò náà pọ̀, ó sì fi èdìdì Ilé-Ẹ̀rí tì í.

Igi méjìlá ló wà lórí òkè, àwo dígí méjìlá ni wọ́n fún un. Ilé-Ẹ̀rí tó rán an wá ya àwọn igi náà kì í fi ẹyọ kan lé e. Bí dígí kan bá fọ́ lọ́nà, igi kan ti wó nìyẹn nínú ìwé.

"Ìyàwó, ṣé eyín wọn lò ń kà ni? Ilẹ̀ ti mọ́ o."

Kò dìgbà tó wẹ̀yìn kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Olókè. Ṣé dáadáa lẹ jí, sà?"

"Mo jí bí àpáta. Gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó o máa ń gbé àpótí àwòrán lé yẹn fún mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ọdún ló ń gbé ẹrù? Èjìká ló ń gbé e." Ó ti gbé e kọ́ èjìká kó tó parí ọ̀rọ̀, ó sì kọjú sí òkè.

Bàbá Olókè kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ Ìbídùn ni, ní Ìlókè sì rèé, ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé Ìbídùn wọlé, ó fi ojú wo ìwà kálukú, ó sì sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀: Akọ̀wé, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, Bàbá Olókè. Ogún ọdún rèé. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún keje. Nínú ìwé Ilé-Ẹ̀rí, opó kì í ṣe ará ìlú ọkọ rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè rán an wá síbí wá jẹ́rìí. Lẹ́nu ará Ìlókè, ìyàwó ṣì ni.

Wọ́n gun òkè náà láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn Ẹfọ̀n ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó gùn, ó sì yọ iké níwájú. Kò sí alààyè kan ní Ìlókè tó rí ẹfọ̀n rí. Níbi tí àpáta bá ti dán, wọ́n a fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún. Àpótí àwòrán tó wà lẹ́yìn Ìbídùn kò ní ọpọlọ ẹ̀rọ kankan nínú: pákó ni, àti awọ, àti ojú dígí kan níwájú tó ní ìdérí. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi gbà á gbọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti lè ya ẹni tí wọn kò bí rí, tí ẹni náà sì wá ń rojọ́ ní kóòtù, adájọ́ kankan kò gba àwòrán mọ́ àfi èyí tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ sára fàdákà, tí ẹlẹ́rìí tó ti búra sì dúró tì í.

Nígbà tí wọ́n dé orí iké náà, wọ́n dúró kí èémí balẹ̀. Oko dígí tí wọ́n fi ń gba iná lára oòrùn tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ títí dé ibi tí ojú mọ, gbogbo awẹ́ rẹ̀ kọjú sí oòrùn tó ń yọ bọ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké ń rìn lórí wọn, wọ́n ń nù wọ́n.

"Wò wọ́n," ni Bàbá Olókè wí. "Àràárọ̀ ni wọ́n ń bọ́jú. Èmi, mo máa ń bọ́jú ní ọjọ́ Àìkú."

"Eruku ni, Bàbá. Bí eruku bá bò wọ́n, iná ò ní í wá."

"Mo mọ̀. Omi wa ni wọ́n sì fẹ́ fi nù ún." Ó yí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí èjìká kejì. "Bí igi méjìlá bá pé, ìsun wa ṣì jẹ́ tiwa?"

"Bó bá pé, tiyín ni."

"Bó bá ku ẹyọ kan ńkọ́?"

Ìbídùn wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá a gun òkè yìí, kò sì bi í ní ìbéèrè yẹn rí. "Ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀ jù mí lọ," ni ó wí.

Gbogbo ọmọ Ìlókè ló mọ̀ ọ́n. Òfin Igi Dídúró ló sọ pé ìlú tí igi méjìlá rẹ̀ bá dúró lórí òkè ló ni ìsun òkè náà. Nígbà tí ọ̀dá pa gbogbo igi, àwọn aṣòfin gbà pé kí wọ́n máa ka òkú igi mọ́ ọn pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣì di àpáta mú. Ọjọ́ tí iye wọn bá di mọ́kànlá, òkè di ilẹ̀ ṣíṣí, omi rẹ̀ á sì gba inú páìpù lọ sí oko dígí. Ìlú márùn-ún ló ti tú báyẹn ní agbègbè náà. Ẹyẹ ló ń gbé nínú ilé wọn.

Àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n tò lọ lórí iké òkè bí àwọn àgbà tó ń lọ síbi ìpàdé tí kò yá wọn lára. Èèpo ti bọ́ lára wọn láti ìgbà pípẹ́. Apá kan, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ lù wọ́n láti ìhà àríwá, ti funfun, ó sì dán bí omorogùn tí wọ́n ti fi ro ọkà fún ìran mẹ́ta. Apá kejì ṣì rí gbágungbàgun, ó dúdú, ikán ti kọ̀wé sí i lára.

Ìbídùn fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, kò sì tíì sú u rí. Ó to ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó fi òkúta sínú àpò mìíràn, ó sì so ó kọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà mì í. Ó fi aṣọ borí, ó wo ojú dígí ẹ̀yìn àpótí, níbi tí ìrókò kìíní ti dorí kodò, tí ọ̀run wà nísàlẹ̀ tí àpáta sì wà lókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí tó fi ń dorí kodò fún un. Fúnra rẹ̀ ló fi páálí àti àbẹ́là wádìí rẹ̀ nínú yàrá ìdáná, títí ó fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, òun ló fi jẹ́ pé èyí tó bá tòkè wọ ihò, ìsàlẹ̀ ló máa balẹ̀ sí.

Ó já èdìdì àpò dúdú, ó fi ẹnu àpò náà bo ẹ̀yìn àpótí kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, ó sì ti àwo dígí kìíní sẹ́nu àpótí. Ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tó rí bí ìkarahun ìgbín, tan ojú pupa kan. Agbọ́hùn nìyẹn. Bí dígí kò bá sí lẹ́nu àpótí, kì í gbọ́ nǹkan kan. Bí dígí bá ti wọlé, kì í gbàgbé nǹkan kan.

"Igi kìíní," ni Agbọ́hùn wí. "Irú igi wo?"

"Ìrókò."

"Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró."

"Ta ló wà níwájú dígí?"

"Kò séèyàn."

Ó dúró de atẹ́gùn kó rọlẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó ka méjìlá, ó dé e padà, ó fa dígí náà yọ. Ojú pupa kú.

"Ohùn ìyá ọkọ ló ní," ni Bàbá Olókè wí. "'Ta ló wà níbẹ̀? Kí lò ń sè?'"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya ìkejì, wọ́n ya ìkẹta. Oòrùn gòkè. Títí dé ìkẹjọ, kò sí ìyọnu kankan, àfi pé Bàbá Olókè ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ jù. Ó ń sọ ìtàn tí ó ti sọ lọ́dún tó kọjá, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i kó tó débi ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ igi kẹsàn-án, Bàbá Olókè ti gbá ibì kan mọ́ tónítóní lórí àpáta, ó sì ti gbé òkúta pẹlẹbẹ kan síbẹ̀.

"Ibí ni kó o dúró sí. Mo ṣe é dáadáa fún ọ. Òkúta yẹn, o lè fi jókòó."

"Mi ò jókòó rí tí mo bá ń yàwòrán, Bàbá."

"Àgbà ń dé sí ọ lára, àbí kò dé?"

Ìbídùn to ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síbi tó ní kí òun tò ó sí. Igi náà jẹ́ àyìn, igi líle, ó nà gbọọrọ, ẹ̀ka kan péré ló kù lára rẹ̀. Láti ibi tí ó dúró sí, òkúta ńlá kan bo ìdí rẹ̀. Ó mú àwòrán ọdún tó kọjá jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún àwọn yòókù. Ní wákàtí kan náà lọ́dún tó kọjá, òjìji ẹ̀ka yẹn bọ́ sórí ojú sísán kan lára àpáta. Lónìí, ó fi ìbú ọwọ́ méjì jìn sí i.

Ó gbójú sókè, ó tún igi náà wò. Nígbà náà ló rí i. Igi mẹ́jọ ni wọ́n ti kọjá, gbogbo wọn ló kọ ojú funfun sí ibi tí ọyẹ́ ti ń wá. Ìkẹsàn-án nìkan ló kọ ojú funfun sí ìlú.

"Bàbá."

"Kí ló dé? Yà á, oòrùn ń lọ."

Ìbídùn kúrò nídìí àpótí. Ó yí òkúta ńlá náà po, ó bẹ̀rẹ̀ wò.

Gbòǹgbò igi náà ti já. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sínú àpáta ní orígun mẹ́rin, wọ́n sì fi wáyà irin tó nípọn bí àtàǹpàkò fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ki igi kúkúrú bọ àárín wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yí i títí wáyà fi le bí iṣan. Abẹ́ ìdí igi náà ni wọ́n ti fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, kékeré lábẹ́ ńlá, gbogbo rẹ̀ há mọ́ ara wọn débi pé ìwúwo igi fúnra rẹ̀ ló ń dì wọ́n mú. Ìbídùn fọwọ́ kan wáyà kan, ó dún. Ẹnu yà á, ó sì wú u lórí, lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bàjẹ́.

"Ìgbà wo ló wó?"

Bàbá Olókè jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ tí ó gbé síbẹ̀ fún Ìbídùn. "Ọyẹ́ tó kọjá. Mo gòkè wá láàárọ̀, mo bá a nílẹ̀."

"Ta ló bá yín gbé e?"

"Ta ni n bá pè? Ẹni tó bá mọ̀, bí wọ́n bá bi í, yóò di òpùrọ́. Mo bọ́ kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́rin lára òpó wáyà àtijọ́ tó wà ní odò, mo fi okùn yí wọn po. Bí okùn bá gba ara mẹ́rin kọjá, ìwúwo náà á di ìdámẹ́rin, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o máa mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ mìíràn, ìbú ìka kan ló máa gbéra."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọjú rẹ̀ sí ìlú?"

Ó wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Síbo ni kó kọjú sí? Ṣé a máa gbé àgbàlagbà dìde tán, ká tún ní kó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ rẹ̀?"

Ẹ̀rín já lẹ́nu Ìbídùn, kò mọ ibi tó ti wá. "Ká ní ẹ ò bọ̀wọ̀ fún un, Bàbá, ǹ bá má mọ̀."

Nísàlẹ̀, oko dígí yí ojú díẹ̀ tẹ̀lé oòrùn, gbogbo awẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yà á láti ibi tí mo gbá," ni Bàbá Olókè wí. "Wáyà ò hàn níbẹ̀. Bí nǹkan yẹn bá sì bi ọ́ pé ṣé ó dúró, ṣé kò dúró ni? Lọ tì í wò."

Ìbídùn lọ, ó sì fi èjìká tì í. Kò mì. Nínú igi méjèèjìlá, bóyá ni òmíràn dúró tó o.

Bó ṣe fèjìká ti igi náà, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán kan tí wọ́n jọ búra lọ́jọ́ kan náà. Ọkùnrin yẹn ti bo kùkùté kan mọ́lẹ̀ fún ìlú kan ṣoṣo, àṣírí sì tú. Wọ́n fọ́ gbogbo dígí tó ti yà láti ọdún mẹ́jọ, ìlú mẹ́rìnlélógún tó jẹ́rìí fún ní agbègbè mìíràn sì di ilẹ̀ ṣíṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Igi wọn dúró ní tòótọ́. Ẹlẹ́rìí wọn ni kò dúró. Ìlú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lábẹ́ èdìdì Ìbídùn.

"Ṣé wàá sọ pé mọ́kànlá ni?" ni Bàbá Olókè bi í.

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ti di ẹrù kó tó di ọdún tuntun."

"Ìyàwó, èmi ni mo béèrè."

"Ọ̀nà kẹta wà." Ó wá jókòó sílẹ̀ lórí àpáta níwájú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí yòókù a máa ka ibi tó kàn wọ́n nínú òfin. Òun ti kà á láti èèpo dé èèpo. "Abala kẹtàdínlógún. Bí igi bá wó, tí ọwọ́ èèyàn sì gbé e dìde, ìlú náà lè di olùtọ́jú. Ìdajì omi ni wọ́n á fún un, fún ọdún méje. Àmọ́ ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Ìyẹn ò le."

"Ó le, Bàbá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan igi ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ tẹ orí òkè náà mọ́ títí ọdún méje náà á fi pé."

Bàbá Olókè ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gun òkè yìí láti kékeré. Òun ló ń gbá ojú ìsun, òun ló ń kó ewé kúrò lójú omi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni n ó jẹ́ nígbà náà?"

"Márùndínláàádọ́rùn-ún."

"Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Òkú lè gòkè. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa òkú."

"Wọ́n láàánú." Ó dìde, ó gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀. "Ìdajì omi. Omi tí ò tó wẹ̀, á tó mu. Níbo ni kí n dúró sí?"

Ìbídùn gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ẹ̀yìn òkúta, níbi tí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti hàn. Bàbá Olókè lọ dúró ti igi náà, ó sì gbé ọwọ́ lé ọ̀kan lára wọn. Ìbídùn fi aṣọ borí, ó rí i nínú dígí, ó dorí kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè. Ó na ọwọ́ sí àwo dígí kẹsàn-án, ọwọ́ náà sì dúró.

"Agbọ́hùn máa bi mí pé ta lẹ jẹ́."

"Sọ fún un."

"Bàbá Olókè ni mo mọ̀."

"Ṣé òfin mọ Bàbá Olókè?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n sọ yín ló fẹ́. Ohùn mi nìkan ló sì ń gbà. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, kò ní í kà á." Ó yọ orí kúrò lábẹ́ aṣọ. "Bàbá, ogún ọdún. Mi ò pè é rí, kódà nínú àlá."

"O ṣá mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Igi tó wó ni mo gbé dìde o, ìyàwó. Ṣé orúkọ lásán ló wá wúwo jù ú lọ?"

Ìbídùn bọ́ síwájú àpótí, ó fi orúnkún méjèèjì kan àpáta, ó sì foríbalẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló dìde tó ti dígí wọlé. Ojú pupa tàn.

"Igi kẹsàn-án. Irú igi wo?"

"Àyìn."

"Ṣé ó dúró?"

"Ó wó. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e dìde."

"Ta ló wà níwájú dígí?"

"Fáṣuyì."

"Ohùn kò jáde. Tún un sọ."

Ó gbé ohùn sókè, ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. "Fáṣuyì, ọmọ Arówólò, ará Ìlókè!"

"Èmi nìyí," ni arúgbó náà dáhùn, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá pè, ó yẹ kó dáhùn. Ó dúró gbọnyin. Ìbídùn ṣí ìdérí, ó ka méjìlá, ó dé e.

Wọ́n ya mẹ́ta tó kù, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Ìbídùn ló ṣíwájú. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Olókè lẹ́yìn, ó sì ń gbọ́ ibi tó ti ń dúró, kò sì wẹ̀yìn wò.

Ó fọ àwọn dígí náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nínú yàrá tí wọ́n dí fèrèsé rẹ̀. Nínú àwo oògùn, ìkẹsàn-án kọ́kọ́ jáde lódìkejì: ọ̀run dúdú, igi dúdú, àwọn òjìji funfun. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ojú wáyà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ òkúta hàn, kékeré lábẹ́ ńlá. Nínú gbogbo àwòrán tó ti yà láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó mọ́ tó o.

Ìdáhùn Ilé-Ẹ̀rí dé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Igi mọ́kànlá dúró. Igi kan, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Omi Ìlókè yóò máa ṣàn láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Obìnrin méjì ni ìlú yóò yàn láti máa mú wáyà le. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ri òpó irin kan mọ́ ẹsẹ̀ òkè. Bí Bàbá Olókè bá ti sún mọ́ ọn ní ogún ìṣísẹ̀, òpó náà á ké, kì í sì í ṣe ohùn ẹ̀rọ ló fi ń ké. Ohùn ẹlẹ́rìí ni òfin ní kí wọ́n lò. "Fáṣuyì, ọmọ Arówólò, ará Ìlókè!" Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ. Àwọn ìyàwó ilé kan kò kí Ìbídùn mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, Ìbídùn wá láti fi ẹ̀dà àwòrán náà lé ìlú lọ́wọ́. Ó bá Bàbá Olókè nídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú garawa, òun ni ìkẹtàlá lórí ìlà. Ìbídùn kúnlẹ̀, kò sì lè gbójú sókè.

"Dìde," ni ó wí. "O ti wá fẹ́ràn orúkọ mi jù. Láàárọ̀ yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti pè mí."

Ó gba àwòrán náà, ó gbé e jìnnà sójú. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló pe obìnrin méjèèjì tí wọ́n yàn, ó já igi ìgbálẹ̀ kan, ó sì ń fi tọ́ka. "Eléyìí lẹ ó kọ́kọ́ yí bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yí i lẹ́ẹ̀mejì, á fa ìdí rẹ̀ kúrò lórí òkúta. Ẹ rí òkúta yìí? Òun ló ni gbogbo iṣẹ́."

Àwọn tó wà níwájú ní kó bọ́ síwájú kó pọn omi tirẹ̀. Ó kọ̀. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò to ìlà omi rí. Ojú ìsun ló ti ń mu ún, láti àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó kàn án, ó gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ, kò sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí i. Ìbídùn ló na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá a yí i. Omi tú jáde, ó kọ́kọ́ pupa díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́.

Ó gbé garawa náà nígbà tó kún dé ìdajì, ó sì yẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀lé e.